Mọ́sálásí Jímọ̀ Ìlọrin: ọjọ́ tí bàbá kan tún ìtàn mi ṣe

Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Bí mo bá sọ tèmi tán, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Agbo ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá ṣìnà nínú ọjà, ilé gogoro mọ́sálásí ni mo máa ń wò kí n tó mọ ọ̀nà ilé. Mo wá gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi wá kí mi láti Òmù-Àrán, mo sì mú un lọ wò ó. Àárín àìlà sí àsárì ni. Mo nawọ́ sí òrùlé rìbìtì ńlá yẹn, mo ní, "Wò ó dáadáa, láti 1820 ló ti wà níbí." Bàbá àgbàlagbà kan ń fi bùútà ṣe àlùwàlá nítòsí wa. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn tán, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dárúkọ agbo ilé wa. Wọ́n ní, "Háà. Bàbá tó bí bàbá rẹ ò kírun níbí rí."

Wọ́n ní ká jókòó. Wọ́n ní 1820 tí mo dá kì í ṣe irọ́, ibi tó wà nígbà náà ni mo ṣì. Àdúgbò Agbárere ní Ìlọrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kírun Jímọ̀ lọ́dún náà, Lèmọ́mù Muhammad Munabbau ló ń ṣáájú wọn. Ìlọrin ò tíì ní ẹ́míà nígbà yẹn. Ẹ̀yìn Shehu Alimi, àáfáà Fúlàní, ni Abdulsalami ọmọ wọn di ẹ́míà àkọ́kọ́. Ní 1835, wọ́n kọ́ mọ́sálásí mìíràn sí Ìdí-Àpẹ́. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀, tó fi di nǹkan bí 1975, àyè ò gba èèyàn mọ́. Bàbá ní àwọn tó bá pẹ́ dé, orí ilẹ̀ gbígbóná níta ni wọ́n ti ń forí kanlẹ̀.

Ẹ́míà kẹsàn-án, Alhaji Zulkarnaini Gambari, àti Sheikh Kamaldeen Al-Adabi tó dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀, ni wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ mọ́sálásí tuntun dìde. Súlútánì Ṣókótó, Abubakar Kẹta, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1977. Ààrẹ Shehu Shagari ṣí i ní 1981. Bàbá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé. Wọ́n ní àwọn ò rí Ààrẹ sójú, ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn dúró sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí "Allahu Akbar" gbéra láti iwájú, tí ó ń ti ìlà kan bọ́ sí èkejì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn, omi bọ́ lójú àwọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ bá ìyá mi àgbà. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú awọ àgbò kan jáde, èyí tí bàbá bàbá mi máa ń gbé kọ́ èjìká lọ sí Ìdí-Àpẹ́ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀. Irun rẹ̀ ti jẹ tán ní ibi méjì, ibi tí orúnkún wọn máa ń wà. Mo ti dàgbà tó báyìí, n ò mọ̀ pé ó wà nínú ilé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Bíríkìlà ni mí, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wo mọ́sálásí yẹn ní tèmi.

Tí ẹ bá fi amọ̀ àti igi kọ́lé, bí igi ìrólé bá ṣe gùn mọ ni yàrá máa fẹ̀ mọ. Ẹ óò wá fi òpó kún inú ilé, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí lèmọ́mù. Irin àti kankéré ló yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n òrùlé tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé kì í kàn tẹ ògiri mọ́lẹ̀ bíi ti páànù, ńṣe ló máa ń fẹ́ ti ìdí rẹ̀ síta. Àfi kí ẹ fi irin dè é yí ká bí ìgbànú. Èyí tó wà lókè yẹn, lórí ilé tó ń gba ọ̀kẹ́ kan èèyàn, ìyẹn 20,000, mi ò lè wò ó kí n má dúró.

Ohun kejì ni gábàsì, ìyẹn apá Mẹ́kà tí a máa ń kọjú sí kírun. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ní kí n ta okùn ìpìlẹ̀ mọ́sálásí kékeré kan. Ọyẹ́ ni, oṣù Kejìlá. Mo jí ní àárọ̀, mo wo ibi tí oòrùn ti yọ, mo ta okùn síbẹ̀, a gbẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àáfáà dé, wọ́n ní ká dí gbogbo rẹ̀ padà. Lásìkò ọyẹ́, apá gúúsù ni oòrùn máa ń yà sí tó bá ń yọ, bẹ́ẹ̀ láti Ìlọrin, Mẹ́kà yà sí apá àríwá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá rí mọ́sálásí tí ìgun rẹ̀ ò bá títì dọ́gba, mo mọ̀ pé ẹni tó ta okùn rẹ̀ ṣe é bó ṣe yẹ.

* * *

Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, Ìlọrin ni mo fẹ́ ọkọ sí. Ìyá ọkọ mi máa ń mọ ìkòkò ní Dada, ní Òkèlele. Lásìkò tí wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí, owó ìkòkò méje ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n ṣí i padà ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2012, lábẹ́ Ẹ́míà Ibrahim Sulu Gambari, èmi ni mo di ìyá lọ́wọ́ mú lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ti tuntun. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ láàárín àwa obìnrin, wọn ò rí i mọ́, ọkàn mi sì bàjẹ́ fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri bí wọ́n ṣe máa ń kan ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Wọ́n ní, "Jẹ́ ká jókòó síbí."

* * *

Ìyá ilé wa, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ìyá ṣì wà? Mo fẹ́ wá kí wọn, kí n gbé awọ àgbò yẹn wá kí wọ́n rí i.

* * *

Wọ́n wà o, ẹ̀gbọ́n, àlùbáríkà Ọlọ́hun ni. Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti ń bèèrè irú àgbò wo ni.