Jẹ̀díjẹ̀dí ni Màmá ń pè é, wọn kò fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́

Ìbéèrè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Màmá mi, ẹni ọdún 67, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní London. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, fi ìgò àyẹ̀wò FIT ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí a fi ń wá ẹ̀jẹ̀ tó fara sin nínú ìgbẹ́ nítorí jẹjẹrẹ ìfun, ṣùgbọ́n orí fíríìjì ló wà di òní. Wọ́n ní láti Ìbàdàn ni jẹ̀díjẹ̀dí ti ń bá àwọn fínra, pé àwọn ń rí ẹ̀jẹ̀ lára tíṣù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wá ni àyẹ̀wò fẹ́ sọ tí àwọn kò mọ̀? Ìtìjú sì ni lójú wọn pé kí àgbàlagbà máa fi ìgbẹ́ ránṣẹ́ bí lẹ́tà. Báwo ni kí n ṣe bá wọn sọ ọ́?

Ìdáhùn: nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí Màmá ń fojú rí. Ìgò tí NHS ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún méjì-méjì wà fún ẹni tí kò rí àmì kankan. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò rẹ̀, ni kó gbà lọ. GP lè ní kí wọ́n ṣe FIT mìíràn, nítorí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń tìtorí rẹ̀ fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, máíkírógíráàmù 10 nínú gíráàmù ìgbẹ́ kan, kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ń lò fún ìgò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Lóòótọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá (àwa Yorùbá kúkú ti di gbogbo àrùn ìdí rù ú), ṣùgbọ́n ẹni tó ní in lè ní kókó nínú ìfun pẹ̀lú, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdáhùn: ẹlòmíràn
Bàbá mi náà kọ́kọ́ kọ̀. Mo fi hàn wọ́n pé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ìdérí ìgò náà, pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni a ó fi ha ojú ìgbẹ́, kí a tó dá a padà sínú omi inú ìgò, kí a sì kọ ọjọ́ sí i lára. Abọ́ áísìkirìmù tó ti ṣófo ni wọ́n fi gbe ìgbẹ́ náà kó má baà bọ́ sómi. Wọn kò ní láti yẹra fún ẹran, torí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni FIT ń dá mọ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n ti gbà láti rí GP, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá rí ẹ̀jẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì
Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí FIT rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn ni kò ní jẹjẹrẹ. Kámẹ́rà ni wọ́n máa fi wo inú ìfun, bí wọ́n bá sì bá kókó níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń gé e kúrò lójú ẹsẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ bá wọn wọlé sọ́dọ̀ GP, kí ẹ sì rí i pé wọ́n dárúkọ ẹ̀jẹ̀ náà fúnra wọn, kí wọ́n má kàn ní jẹ̀díjẹ̀dí.