Yíyí oko ẹ̀fọ́ padà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà òjò: kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Àjárá (Àgbádárìgì):
Mo kí gbogbo ilé o, mo sì kí yín kú iṣẹ́ oko. Mo ní ilẹ̀ ẹ̀fọ́ kan ní ẹ̀yìn Àjárá, ní Àgbádárìgì níhìn-ín, tí mo ti ń fi omi kànga rin láti oṣù kọkànlá tí òjò ti dáwọ́ dúró. Iyanrìn ni apá òkè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ wọnú ilẹ̀ díẹ̀, kí omi tí mo bá bù sí i lè dúró ti gbòǹgbò. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ni ó wà níbẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ súnmọ́ àkùrọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Tòmátì àti ata rodo ni mo gbìn síbẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, oṣù kẹrin sì ti wọlé. Mo fẹ́ gbin àgbàdo, ilá, úgú àti ewédú mìíràn, ṣùgbọ́n tòmátì mi ṣì ń so, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n, tí àmì dúdú sì wà lára wọn. Àwọn oníbàárà mi ní ọjà Àgbàlatà kò sì fẹ́ kí ẹ̀fọ́ dá. Ṣé kí n tu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, àbí kí n máa rọ́pò wọn díẹ̀díẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ẹ̀pẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọmọ Àjárá. Irúgbìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ rà bí òjò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, bẹ́ẹ̀dì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yí padà. Bẹ́ẹ̀dì tí a gbẹ́ wọlẹ̀ dára púpọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ó ń gba omi dúró. Ohun kan náà tí ó mú kí ó dára nígbà náà ni yóò pa ẹ̀fọ́ yín ní oṣù kẹfà, tí òjò máa ń pọ̀ jù lọ ní agbègbè etí òkun wa. Gbòǹgbò tí omi bá dúró lé lórí kò rí afẹ́fẹ́ gbà mọ́. Ewé yóò kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ yóò jẹrà, ẹni tí ó ni oko yóò sì rò pé ajílẹ̀ ni kò tó.

Nítorí náà, ẹ kó ilẹ̀ inú poro sórí bẹ́ẹ̀dì, kí bẹ́ẹ̀dì ga kí poro sì jìn. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí ilẹ̀ ti dúdú, ẹ jẹ́ kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì fa poro náà dé ibi tí omi yóò gbà jáde, nítorí poro tí kò ní ẹnu ọ̀nà kò yàtọ̀ sí kòtò. Ní apá iyanrìn, ìdajì gíga yẹn tó. Bẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè nà dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn bíi mítà kan, kí ẹ má baà máa tẹ ibi tí ẹ gbin nǹkan sí.

Ohun tí ó yẹ kí ó ká yín lára ní apá iyanrìn ni ajílẹ̀. Òjò ńlá máa ń fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ lè dé. Ẹ má da gbogbo ìgbẹ́ adìẹ yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ro díẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn, kí ẹ wá fi ìyókù sí i nígbà tí ẹ̀fọ́ bá ti dúró dáadáa. Èyí tí ó ti jẹrà, tí ooru àti òórùn rẹ̀ ti lọ, ni kí ẹ lò. Tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́gùnyàn (Ìkòròdú):
Òótọ́ ni Màmá sọ. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un lórí ètò rírọ́pò àti lórí tòmátì yẹn.

Ẹ má tu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òjò àkọ́rọ̀ a máa tan ènìyàn jẹ: ó lè rọ̀ dáadáa, kí oòrùn sì tún gbẹ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ì kó okùn àti korobá kúrò nídìí kànga. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ bá ti ká ẹ̀fọ́ orí rẹ̀ tán ni kí ẹ gbé sókè, kí ẹ sì gbin ti òjò sí i, kí ẹ wá bọ́ sórí òmíràn. Tẹ̀tẹ̀ ni yóò mú ọjà yín dúró, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó ti tó fà tu. Àgbàdo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn láìfi falẹ̀, kí ó lè tó jẹ ní tútù kí òjò tó sinmi ní oṣù kẹjọ.

Ẹ má gbin ilá sí ibi tí ewédú wà. Ìbátan ni àwọn méjèèjì, kòkòrò inú ilẹ̀ kan náà ni ó sì ń bá wọn jà. Bí ẹ bá ń tu ewédú àti ṣọkọ, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi kí ẹ sì wò ó dáadáa. Bí ó bá wú ní kókó-kókó, tí kókó náà kò sì ṣeé yọ láìjẹ́ pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ já, aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ ti wà níbẹ̀. (Ti ẹ̀wà yàtọ̀, kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà rọrùn láti fi ọwọ́ ré kúrò, àǹfààní ni ó sì ń ṣe.) Ẹ̀pà ni mo máa ń gbin sí irú ibẹ̀, ilẹ̀ iyanrìn yín yóò sì bá a lára mu.

Ní ti tòmátì, ẹ ká gbogbo èyí tí ó ti ń yí àwọ̀ padà wọlé, yóò pọ́n nínú ilé. Ilẹ̀ tí òjò ń ta sára ewé ni ó ń gbé àrùn tí ó fa àmì dúdú yẹn gòkè, kò sì ní dáwọ́ dúró. Ẹ hú u kúrò, kí ẹ kó ewé àti ìtì rẹ̀ jìnnà sí oko. Bí ẹ bá rí èyí tí ó rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ gé ìtì rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ gbé e dúró sínú ife gíláàsì tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀. Bí nǹkan funfun bí omi wàrà bá ń fà jáde bí òwú láti ojú ibi tí ẹ gé, àrùn inú ilẹ̀ ni. Níbi bẹ́ẹ̀, ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá fún ọdún mélòó kan. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀.

Ọmọ Àjárá (Àgbádárìgì):
Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá, ẹ sì ṣeun, ẹ̀gbọ́n. N óò dán ti ife omi yẹn wò. Ó ku ìbéèrè kan: irúgbìn ewédú tí mo ní kì í hù dáadáa, mo sì gbọ́ pé úgú pẹ̀lú máa ń ṣòro hù. Báwo ni ẹ ṣe ń tọ́jú wọn?

Ọmọ Ìmọ̀ta (Ìkòròdú):
Ìṣòro àwọn méjèèjì kò jọra rárá. Èèpo irúgbìn ewédú ni ó le, tí omi kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ yọ ọ́ kíá sínú omi tútù, kí ẹ sì sá a sí ibòòji. Lẹ́yìn náà, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà kó jọ sójú kan.

Úgú ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbígbẹ. Irúgbìn rẹ̀ tí a bá sá gbẹ bí àgbàdo ti kú nìyẹn. Ẹ ra odidi èso rẹ̀ tí ó gbó, kí ẹ là á nígbà tí ẹ bá ti ṣe tán láti gbìn ín, kí ẹ fi mítà kan sí àárín ìdí kan sí èkejì. Ẹ gbìn tó kí ẹ lè rí abo láàárín wọn, nítorí akọ àti abo ni úgú ní, abo ni ewé rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ jù.

Ní etí òkun níbi tiyín, tí òjò ti máa ń wọ́ irúgbìn wẹ́wẹ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi imọ̀ àgbọn bo ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ́n tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá yọrí ni kí ẹ ti ká a kúrò. Bí imọ̀ bá pẹ́ lórí rẹ̀, ìtì ẹ̀fọ́ náà yóò ga fíofío láìlágbára, òjò tí ó bá tẹ̀ lé e yóò sì wó o lulẹ̀.