Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oògùn ọpọlọ àbúrò mi

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú àṣálẹ́ o. Oṣù méjì rèé tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń lo olanzapine. Orí ẹ̀ ti balẹ̀, kì í gbọ́ ohùn tẹ́nìkan ò gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó rán fún Ojúde Ọba ò gba ìdí ẹ̀ mọ́, ó sì ń sùn ṣáá. Màmá wa ní kó jáwọ́ níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣọ́ èèyàn yín nílé?

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù: Kó má jáwọ́ o! Ọmọ tèmi jáwọ́ nítorí ikùn. Kóṣù tó parí, a ti ń wá a kiri lóru. Ìwé kan ni mo rà. Láràárọ̀ Sátidé, kó tó jẹun, ó máa gun ìwọ̀n, màá fi téèpù aránṣọ wọn ikùn ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ní ó ń sanra, “ẹ ṣọ́ oúnjẹ ẹ̀” ni dókítà máa wí. Ọjọ́ tí mo ṣí ìwé, tí wọ́n rí kílò 6 lọ́sẹ̀ méje, wọ́n pààrọ̀ oògùn. Ṣé àbúrò yín náà máa ń mu gàrí tútù oníṣúgà lóru? Ẹ wádìí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tún un ṣe tó bá pé oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ jù, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ibà líle, kí ara gan paali, kó máa sọ kántankàntan: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ti oorun, ẹ bi dókítà bóyá alẹ́ ni kó máa lò ó.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Lithium, oògùn ọpọlọ mìíràn, ni tèmi, ẹ má bínú pé mo yà bàrá. Wákàtí 12 lẹ́yìn èyí tí mo lò kẹ́yìn ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi láti mọ iye ẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mo gbé ti àárọ̀ mì nígbà kan kí n tó lọ. Iye tó jáde dẹ́rù ba dókítà, owó àyẹ̀wò sì wọgbó. Ẹ sá fún ibuprofen, oògùn ara ríro, tẹ́ ẹ bá ń lo lithium, ó máa ń jẹ́ kí lithium pọ̀ lára jù. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀ ti mọ́ mi lára. Èébì àti ìrìn tàgétàgé, àmì pé ó ti pọ̀ jù, ni mò ń bẹ̀rù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ tó rán ṣòkòtò yẹn. Sẹ̀ǹtímítà 98. Màmá ní àwọn máa bá wa lọ ní Mọ́ńdè, àwọn fẹ́ fẹnu ara àwọn bá dókítà sọ̀rọ̀.