Ta ló ti ṣí kámẹ́rà Mi A1 rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀, Lágéré:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín nílé, ti ìyàwó àti ti olóyè, WhatsApp ni mo sì ń pàtẹ wọn sí. Mi A1 tòkúnbọ̀, ti ilé-iṣẹ́ Xiaomi, ni fóònù mi. Mo máa ń wà níléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí náà abẹ́ gílóòbù tí kò mọ́lẹ̀ tó ni mo ti ń ya gbogbo àwòrán mi. Iyùn tó pupa fòò lọ́wọ́ mi á wá dà bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, ara rẹ̀ á sì rí bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyanrìn lé e. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan dá ọrùn iyùn méjì padà. Ó ní àwọ̀ tí òun rí kọ́ lòun gbà.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe sọ fún mi pé agbára kan wà nínú kámẹ́rà yìí tí wọ́n tì pa, pé tí òun bá pààrọ̀ ROM rẹ̀, ìyẹn ètò Android tó ń darí fóònù, yóò ṣí. Ẹ̀rù ń bà mí. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi wà níbẹ̀, áàpù báńkì mi wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé e fún un?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀ọ̀rẹ̀:
Àbúrò mi, má tíì gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni. Jí ní kùtù, tẹ́ aṣọ funfun sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn kò ti ta sí i tààrà, kí o ya á níbẹ̀. Aago méje àbọ̀ àárọ̀ ni mo fi ń ya aṣọ òkè mi.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀:
Ẹ ṣé mà. Aago méje ni mo ń jáde nílé, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló sì jẹ́ pé alẹ́ ni mo ń parí rẹ̀ tí wọ́n á wá gbé e láàárọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà, Ifásitì:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òótọ́ lọmọkùnrin yẹn sọ, àmọ́ ó fẹ́ gba Oǹdó kọjá sí Ẹdẹ ni. Camera2 ni orúkọ ohun tí wọ́n tì pa yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí áàpù kámẹ́rà mìíràn lè darí ojú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, bí yóò ṣe pẹ́ tó tí yóò fi lajú àti bí ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà ṣe máa pọ̀ tó. Google Camera, áàpù kámẹ́rà tí Google ṣe, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Tó bá ti ṣí, HDR+ inú Google Camera á ya àwòrán bíi mélòó kan léraléra kí ẹ tó ṣẹ́jú, á tò wọ́n léra, á sì sọ wọ́n di ẹyọ kan. Iyanrìn tí ẹ ń rí yẹn kì í dúró sójú kan náà nínú àwòrán méjì. Tí wọ́n bá ti to wọ́n léra, á pòórá, ìlẹ̀kẹ̀ tí kò kúrò lójú kan á wá yọ kedere.

Lórí Mi A1, ìlà kan ṣoṣo ló ń ṣí i:

setprop persist.camera.HAL3.enabled 1

Kò di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀ ROM. Wọ́n á ṣí bootloader, ìyẹn ètò kékeré tó ń tan fóònù, tí ilé-iṣẹ́ tì pa. Wọ́n á fi kọ̀ǹpútà tan fóònù náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú boot (fáìlì tí fóònù fi ń tàn) tó ní àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ ọ̀gá pátápátá lórí fóònù, wọ́n á kọ ìlà yẹn, ó parí. Boot yẹn kò ní jókòó sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá ti pa á tẹ́ ẹ tún tàn án, ti tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa bá. Àmọ́ boot ọ̀hún gbọ́dọ̀ bá ètò tó wà lórí fóònù yín mu gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Iléṣà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé e. Ẹni tó bá mi ṣí bootloader fóònù mi kò sọ fún mi pé nǹkan inú rẹ̀ lè parẹ́. Ìgbà tí fóònù tàn, "Ẹ káàbọ̀" ló ń kí mi bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Àwòrán ìsọmọlórúkọ ọmọ mi àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní ẹ̀dà kankan. Títí dòní, tí ọmọ náà bá béèrè, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ kó ohun gbogbo jáde kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì ṣí ohun tẹ́ ẹ kó wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, kó dá yín lójú pé ó pé.

Bàbá Ẹlẹ́rọ, Sábó:
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lẹ́. Mo ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀, èmi fúnra mi fẹ́ràn kí á pààrọ̀ ROM fóònù àtijọ́. Android 9 ni ilé-iṣẹ́ bá Mi A1 dé, LineageOS, ROM kan tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, sì lè gbé e kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ti kámẹ́rà nìkan ni tìrẹ, ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn là sílẹ̀ sì tó ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ fi ROM sí i, kí ó kọ́kọ́ fi TWRP, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà inú fóònù, ṣe ẹ̀dà apá tí wọ́n ń pè ní EFS. Ibẹ̀ ni IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wà. Tí ó bá bàjẹ́, fóònù á máa tàn, ṣùgbọ́n kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ń gbéná dúró ni kẹ́ ẹ lò. Kí iná má lọ mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́. Okùn tẹ́ ẹ máa fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà ńkọ́? Òmíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, kò lè gbé dátà.

Ní ti báńkì, ọ̀pọ̀ áàpù wọn ni kì í gbà lórí fóònù tí bootloader rẹ̀ ṣí. Gbé tìrẹ lọ sórí fóònù mìíràn, tàbí kí o máa lo kóòdù USSD.

Ìyá Ìbejì:
Wọ́n ní rédíò náà fara pamọ́ sínú irú fóònù yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà:
Bẹ́ẹ̀ ni mà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní wàhálà. Ìgbà tí Android 9 dé sórí Mi A1 ni rédíò FM yọ. Ẹ ṣáà ki okùn etí bọ̀ ọ́, torí okùn yẹn ni eríàlì rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ Great FM 94.5 àti Òrìṣun 89.5 láìná dátà kankan.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ (ọjọ́ Àìkú):
Ẹ̀yin ará wa, mo dúpẹ́ o. A ṣe é lánàá. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ti da gbogbo àwòrán àti WhatsApp sórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá iléèwé wa, mo sì ṣí wọn wò níkọ̀ọ̀kan bí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe wí. Áàpù báńkì ti wà lórí fóònù ọkọ mi. Okùn àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, èkejì la lò. Áàpù tí a fi ń yẹ Camera2 wò ń kọ LEGACY tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ó ṣì wà ní títì. Lẹ́yìn ìlà yẹn, kò kọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀dà Google Camera àkọ́kọ́ tí a fi sí i ń ti ara rẹ̀ pa, ìkejì ló dúró. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì kó má baà mì, mo ya iyùn kan náà tí wọ́n dá padà. Mo rí ihò abẹ́rẹ́ lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo rí okùn tó gba inú rẹ̀ kọjá. Pupa rẹ̀ sì jẹ́ pupa.

Ẹyọ ohun kan ló kù. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun ṣì ń pọ́n bí epo lábẹ́ gílóòbù mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà:
Inú mi dùn mà. Gílóòbù yẹn ló ń pọ́n, kì í ṣe kámẹ́rà. Ẹ ra LED tí iná rẹ̀ funfun, kẹ́ ẹ pa gílóòbù yòókù tẹ́ ẹ bá ń ya á. Tẹ́ ẹ bá sì nu gbogbo ohun inú fóònù yẹn kúrò lọ́jọ́ kan, ìlà tí a kọ á bá a lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbì kan.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀:
Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mò ń kọ gbèsè oníbàárà sí. Ọmọ ti lọ ra gílóòbù.