Ta ló ti gbé níbi tí ìjọba ti ń yìnbọn, tó tún ń bẹ̀bẹ̀?

Arìnrìnàjò: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó bá ti gbé níbi tí àwọn kan ti fẹ́ ya kúrò lára orílẹ̀-èdè, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí. Báwo ni ìjọba ṣe ń lo ìbọn àti ẹ̀bẹ̀ pọ̀?

Ìyá Aláṣọ: Mo ta aṣọ ní Bamenda, ní Kamẹrúùnù, títí di 2018. Ní ìparí 2016 ni àwọn lọ́yà àti tíṣà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn elédè Faransé tí wọ́n ń kó wá sí kóòtù àti ilé ìwé wọn. Ìjọba ní kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ sọ ọ́. Nígbà tó di January 2017, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ wọn, wọ́n mú lára àwọn aṣáájú tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì gé íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 93! Àwòrán aṣọ tí mo ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kò lọ mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó kàn fẹ́ kí ètò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n pa rẹ́ ní 1972 padà wá, kò sẹ́ni tó gbọ́ tiwọn mọ́. Àwọn tó ní "a ń lọ" ló gba ìgboro.

Tájù: Ọjọ́ 93 kẹ̀.

Awakọ̀ Ikom: Àwọn tó sá wá láti ibẹ̀ tí mo fọkọ̀ gbé ní Ikom, ní Nàìjíríà lẹ́bàá ẹnubodè, kò sọ ti íntánẹ́ẹ̀tì, ilé tí wọ́n jó ni wọ́n ń sọ. Màmá kan ní ṣọ́jà wá lọ́sàn-án, wọ́n ní ó ń fún àwọn Amba, ìyẹn àwọn tó gbébọn torí wọ́n fẹ́ ya kúrò, lóúnjẹ. Lálẹ́, àwọn Amba dé, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílé ìwé.

Ìyá Aláṣọ: Òótọ́ ni, bọ̀dá. Gbogbo Mọ́ńdè ni wọ́n ń ti ọjà pa. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Gbólóhùn: Ìjọba wo ló máa jókòó kí wọ́n gé ilẹ̀ rẹ̀ lọ? Ó ṣáà pe àpérò ní Yaoundé ní 2019, ó tú ẹlẹ́wọ̀n 333 sílẹ̀, ó fún ẹkùn méjèèjì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ipò àkànṣe. Kí ló tún kù?

Tíṣà Àgbà: Ní August ọdún yẹn gan-an ni kóòtù ológun sọ Ayuk Tabe, aṣáájú àwọn tó fẹ́ ya kúrò, àtàwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́wọ̀n gbére. Ìparí September ni àpérò. Ta ni wọ́n wá fẹ́ bá ṣàpérò?

Gbólóhùn: Ẹ̀gbọ́n, kí ẹni tó gbébọn máa rìn káàkiri ni?

Tíṣà Àgbà: Ní Aceh, ní Indonéṣíà, àwọn tó gbébọn gan-an ni ìjọba bá tọwọ́ bọ̀wé ní 2005. Wọ́n kó ìbọn 840 sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó o ni ṣọ́jà tí wọ́n kó wá láti ìta ń padà lọ, àwọn àjèjì sì ń ṣọ́ ìhà méjèèjì. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Dọ̀tun: Ẹ wo tiwa níbí. Lẹ́yìn ogun Biafra, Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, síbẹ̀ ogún pọ́n-ùn ni wọ́n kà fún ẹni tó ní owó ní báńkì.

Tájù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìyẹn sílẹ̀ níbí!

Dọ̀tun: Màá dá a sílẹ̀. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ Ìgbò gba ilé wọn padà, àwọn míì gba owó ilé pẹ̀lú. Ní Port Harcourt, wọ́n ní ilé náà ti di "ohun ìní tí wọ́n pa tì". Ìjọba kan náà, ilẹ̀ kan náà.

Awakọ̀ Ikom: Ẹ jẹ́ ká padà sí Kamẹrúùnù. Láti ìparí 2018 ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá jọ̀wọ́ ìbọn máa bọ̀ ní Buea àti Bamenda, wọn á kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé tóun bá lọ, àwọn Amba á pa ẹ̀gbọ́n òun tó ṣì wà lábúlé.

Gbólóhùn: Ìyẹn ò sí lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀. Ta ló wá ń ṣọ́ abúlé náà?

Awakọ̀ Ikom: Ṣọ́jà máa ń kọjá níbẹ̀. Wọn kì í sùn síbẹ̀.