Yàrá bàbá wa ni ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ lábà

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òyìnbó ló gbé Ìjọ Elétò, ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì, dé gbogbo ibi tó dé. Lábà tiwa kọ́. Bàbá tó bí bàbá mi àti ìyàwó ẹ̀, àwọn tí à ń pè ní bàbá àti ìyá wa, ló dá a sílẹ̀, àlejò sì ni wọ́n níbẹ̀.

Ìlẹ́ṣà ni wọ́n ti wá, kòkó ló gbé wọn dé igbó apá Oǹdó ní nǹkan bíi 1949, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ wọn jù, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta ni, oyún ìyá wa sì ti wúwo nígbà yẹn, ni bàbá bá ní kí àwọn kúkú jókòó sílé kọrin. Olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí Ìjọ Elétò máa ń pín ọmọ ìjọ sí, ni bàbá kó tó kúrò nílé, ló bá ra ìwé onílà kan, ó kọ orúkọ gbogbo wọn sí i, àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ mẹ́ta, àti alágbàṣe kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Mo ti fọwọ́ mi kan ìwé yẹn. Ẹni tó bá wá, wọ́n fa igi kan síwájú orúkọ ẹ̀, ẹni tí ò bá wá, òdo. Síwájú orúkọ ìyá wa, ọ̀sẹ̀ méjì wà tí bàbá ò fa igi tí ò sì kọ òdo, "ìkúnlẹ̀" ló kọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, igi ti dé, orúkọ ọmọ tuntun náà ti wà nísàlẹ̀.

Tọ́rọ́ tọ́rọ́ ni wọ́n ń dá lọ́sẹ̀, torí páànù tí wọ́n fẹ́ fi bo ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kíláàsì gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní 1742 náà nìyẹn, gbèsè ilé ìjọsìn ló wà lọ́rùn àwọn èèyàn John Wesley, ẹni tó dá Ìjọ Elétò sílẹ̀, wọ́n ní kí kálukú máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀, wọ́n wá pín ara wọn sábẹ́ àwọn tí á máa gbà á. Ewé gbòdógì ni wọ́n kọ́kọ́ fi bo tiwa, bí òjò bá dé àfi kí wọ́n ki Bíbélì bọ abẹ́ aṣọ. Nígbà tí owó pé, orí ni wọ́n fi ru páànù láti títì mọ́tò.

Bàbá kọ lẹ́tà sí sákíìtì, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, pé kí wọ́n rán katikíìsì wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tó padà wálé láti Sierra Leone, ṣe kọ̀wé láti Àgbádárìgì ní 1841 pé kí wọ́n rán míṣọ́nnárì wá, kí Freeman àti de Graft tí Ìjọ Elétò rán tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 24 September 1842. Àwọn onígbàgbọ́ ti wà níbẹ̀ kí míṣọ́nnárì tó dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti igi ọsàn. Bàbá mi ló gbìn ín síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọdé ni, ó fẹ́ kó ṣíji. Àwọn ọmọ onílẹ̀ mú àdá wá, wọ́n bẹ́ ẹ lulẹ̀, wọ́n ní àlejò tó bá ti ń gbin igi eléso láìgbàṣẹ, ilẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ìyá wa ló lọ kúnlẹ̀ fún onílẹ̀ fúnra ẹ̀. Onílẹ̀ náà sọ̀rọ̀ kan tí wọn ò gbàgbé nílé wa, ó ní "Ilẹ̀ tí ẹ fi ń pe Ọlọ́run, mi ò ní gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀." Wọn ò sì gbin nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

December tó kọjá mo lọ fún ìkórè. A ò ju mọ́kàndínlógún lọ, àwọn ọmọ abà ti wà ní Àkúrẹ́ àti Èkó. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ṣì mọ́ gbòrò, wọ́n ń gbá a, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi igi ńlá kan tí bàbá bá níbẹ̀, tí wọ́n so rímù mọ́tò mọ́ fún agogo. Wọ́n ní kí n lù ú. Bí mo ṣe lù ú tán, ìyá àgbà kan tí ò ríran mọ́ ti ń wá ọ̀pá ẹ̀ nínú ilé, ó ń pariwo pé kí wọ́n dúró de òun.