Bárẹ́ẹ̀lì .458 Lott: 1:14 ni àbí 1:10?

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ pààrọ̀ bárẹ́ẹ̀lì .458 Lott mi, ìbọn tí wọ́n fi ń pa ẹran ńlá, ẹni tó máa bá mi ṣe é ní kí n sọ twist tí mo fẹ́, ìyẹn bí ìlà inú bárẹ́ẹ̀lì ṣe máa yí ọta kíákíá tó, ọ̀rọ̀ bá dàrú mọ́ mi lójú. Ẹnì kan ní 1:14 (kí ọta yí lẹ́ẹ̀kan ní ínǹṣì 14) ni gbogbo ayé ń lò, ẹlòmíì ní kí n mú 1:10 torí ọta mi wúwo, gíréènì 500 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta). Ẹfọ̀n ni mo fẹ́ fi pa, nítòsí náà ni. Èwo ni kí n mú?

Àgbà Ọdẹ: Àbúrò, fi ti ìwúwo sílẹ̀, gígùn ọta ni kó o wò. Bàbà ò wúwo tó òjé, torí náà gíréènì 500 tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀ á gùn ju èyí tó ní òjé nínú lọ, òun ló sì máa fẹ́ kí bárẹ́ẹ̀lì yí òun kíákíá. Greenhill, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀ láti 1879. Mú 150, fi ìbú ọta sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó o wá fi gígùn ẹ̀ pín in. Ìbú tìẹ 0.458, ká ní ó gùn tó ínǹṣì kan ààbọ̀, nǹkan bí 21 lo máa rí. Bárẹ́ẹ̀lì tó ń yí i lẹ́ẹ̀kan ní ínǹṣì 21 ti fẹ́ẹ̀ tó o, áńbọ̀ǹtórí 14. Mú 14 jàre.

Ayìnbọn: Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín dáa, àmọ́ inú atẹ́gùn nìkan ló mọ. Ara ẹfọ̀n ni ọta ń lọ, ẹran sì ki ju atẹ́gùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, ibẹ̀ ni ọta ti máa ń ṣojú dé. Ìdí tí àwọn kan fi ń wá 1:10 nìyẹn. Èmi ò ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n imú ọta ṣe pàtàkì ju twist lọ níbẹ̀, onímú pẹlẹbẹ ń lọ tààrà ju olórí roboto lọ.

Ìyá Ìbọn: Ẹ má fojú di twist tó lọ́ra o. .45-70 ni tèmi, ìbú ọta kan náà ni pẹ̀lú .458 àmọ́ 1:20 ni bárẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Mo lọ ra ọta bàbà gígùn kan, mo yìn ín sí pépà, ihò tí mo rí gùn gbọọrọ bí ẹni fi ẹ̀gbẹ́ ọta lu pépà! Mo padà sí olójé, ihò bá rí roboto. Tó bá jẹ́ òjé tẹ́ ẹ fọwọ́ yọ́ lẹ̀ ń lò, ẹ má mú 1:10 kẹ́ ẹ tún wá yìn ín pẹ̀lú ìsáré, ó lè bọ́ lára ìlà inú bárẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo wọn gígùn ọta mi, ínǹṣì 1.4 ni. Mo wá ní kí n yẹ bárẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wò, mo we aṣọ mọ́ ọ̀pá ìnubọn tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń yí fúnra ẹ̀, mo fi bírò sàmì sí i, mo rọra ń tì í títí àmì fi yí padà sókè, mo wọn ibi tó wọlé dé. Ínǹṣì 14 géérégé! Ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ dààmú yín ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí.

Àgbà Ọdẹ: Háà, àbúrò 😂